Ojú Tí Ó Ti Rí Òkun

Ẹni tí ó bá dúró ní Victoria Island ní ìlú Èkó lónìí, tí ó kọjú sí òkun, ilé gogoro àti títì ọlọ́dà ti Eko Atlantic ni yóò rí, lórí ilẹ̀ tí a fi yanrìn gbà padà lọ́wọ́ omi. Ọmọ ogún ọdún lè má mọ̀ pé ibẹ̀ ni etí òkun Bar Beach wà tẹ́lẹ̀, níbi tí ìjọba ti ń yìnbọn pa ọ̀daràn lójú gbogbo ayé. Àwa kò fẹ́ kí yanrìn bo ìtàn náà mọ́lẹ̀.

Nígbà tí ogun abẹ́lé parí ní oṣù kìíní ọdún 1970, ìbọn pọ̀ nígboro, àwọn adigunjalè kò sì jẹ́ kí ará ìlú sùn. Ní ọdún kan náà ni ìjọba ológun ti Ọ̀gágun Yakubu Gowon ṣe òfin Decree 47, tí ó fi ikú ṣe èrè ìdigunjalè. Ní ọjọ́ 8, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1971, wọ́n so Ìṣọ̀lá Oyènúsì àti àwọn mẹ́fà mìíràn mọ́ òpó ní Bar Beach, àwọn sójà sì yìnbọn pa wọ́n, nítorí olè tí wọ́n jà tí wọ́n fi pa ọlọ́pàá kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó wá wòran. Wọ́n tilẹ̀ sọ irú ikú bẹ́ẹ̀ di eré, wọ́n ń pè é ní "Bar Beach Show".

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì wá gbọ́. Àwa kò ṣọ̀fọ̀ olè ju ẹni tí olè pa lọ. Ẹ̀jẹ̀ ọlọ́pàá náà ń ké fún ìdájọ́, ó sì tọ́ kí ó ké. Ohun tí àwa ń bèèrè ni pé, ẹ̀kọ́ wo ni àwọn òǹwòran kọ́?

Ìjọba rò pé ẹni tí ó bá fojú rí ikú olè yóò sá fún olè jíjà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1986, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn ikú Oyènúsì, Lawrence Anini àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìpayà bá gbogbo ìlú Benin. Nígbà tí a yìnbọn pa á ní ọdún 1987, ọ̀gá ọlọ́pàá kan, George Iyamu, wà lára àwọn tí a jọ pa, nítorí a dá a lẹ́bi pé ó ń ran àwọn olè náà lọ́wọ́. Ta ni ó mọ ìyà olè ju ọlọ́pàá lọ? Síbẹ̀, ẹ̀rù kò dá a dúró.

Àwọn àgbà ní ojú tí ó ti rí òkun kò ní í rí ọ̀sà kí ó bẹ̀rù. Bí ìjọba bá ń fi ikú ṣe ìran, ọkàn ará ìlú yóò le. Lónìí, bí a bá kígbe "Olè!" lọ́jà, àwọn kan kì í wá ọlọ́pàá mọ́, táyà àti epo bẹntiróòlù ni wọ́n ń wá. Ní ọjọ́ 5, oṣù kẹwàá, ọdún 2012, ní Aluu ní ìpínlẹ̀ Rivers, àwọn èrò lu akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rin, wọ́n sì dáná sun wọ́n, lórí ẹ̀sùn olè tí ilé ẹjọ́ kankan kò gbọ́.

Nítorí náà, àwa ń rọ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kí ó ri òkúta ìrántí mọ́lẹ̀ níbẹ̀, kí a kọ orúkọ àwọn tí olè pa àti ti àwọn tí ìjọba pa sí i. Òfin ilẹ̀ wa ṣì gbà kí a yìnbọn pa adigunjalè. Àwa ń fẹ́ kí àwọn aṣòfin ní Àbújá kọ ọ́ sínú òfin pé a kò gbọdọ̀ fi ikú ẹnikẹ́ni ṣe ìran wò mọ́ láéláé.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ lọ wòran nígbà náà, ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún àwọn ọmọ yín, ẹ má sì ṣe fi ẹ̀rín sọ ọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.