Àkọsílẹ̀ Aláìsàn: Kí Tuntun Má Pa Ti Àtijọ́ Rẹ́

Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà ni ó ń kó àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn kúrò nínú káàdì àti fáìlì oníwèé bọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ìgbésẹ̀ rere ni, ṣùgbọ́n àsìkò ìkólọ gan-an ni ewu wà. Bí ìlà kan tí ó sọ pé pẹnisilíìnì kò bá ara aláìsàn kan mu bá bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, dókítà tí yóò kọ òògùn fún un lọ́dún tí ń bọ̀ kò ní mọ̀ pé ohunkóhun sọnù.

Ohun tí ó yẹ kí àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń ta ètò kọ̀ǹpútà fún wọn ni ìpamọ́ onípele. Kò ṣàjèjì: láti oṣù Kejìlá ọdún 2014 ni irú rẹ̀ kan, OverlayFS, ti wà nínú Linux. Àkọsílẹ̀ àtijọ́ yóò wà nísàlẹ̀, fún kíkà nìkan. Ìpele tuntun yóò wà lórí rẹ̀. Ẹni tí ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yóò rí méjèèjì bí ọ̀kan ṣoṣo. Bí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ ṣàtúnṣe sí fáìlì àtijọ́, ètò náà yóò kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sókè, ibẹ̀ ni àtúnṣe yóò ti wáyé. Bí ẹnìkan bá pa á rẹ́, àmì kan ni yóò bò ó mọ́lẹ̀ láti òkè. Ti ìsàlẹ̀ kò ní kúrò láàyè rẹ̀. (Àwọn òṣìṣẹ́ yàrá káàdì, tí ọ̀pọ̀ ń fojú di, mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́: wọn kì í ya ojú ewé àtijọ́ dànù, tuntun ni wọ́n ń so mọ́ ọn.)

Síbẹ̀, bí iná bá jó ẹ̀rọ tí ìpele méjèèjì wà, àjórun ni. Ní oṣù Kejì ọdún 2011, àṣìṣe kan nínú ètò Gmail pa lẹ́tà àwọn oníbàárà kan rẹ́, bí ìdá 0.02 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Ẹ̀dà tí Google ní káàkiri kò gbà wọ́n. Téèpù tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó yọ wọ́n.

Téèpù náà sì ń di ògbólógbòó. Ẹ̀rọ LTO-8 tí ó jáde lọ́dún 2017 kò lè ka téèpù LTO-6 ti ọdún 2012. Nítorí náà, ó yẹ kí owó ìkólọ tí ó tún ń bọ̀ wà nínú ìwé àdéhùn láti ọjọ́ àkọ́kọ́, pẹ̀lú orúkọ òṣìṣẹ́ tí yóò máa dán téèpù wò lọ́dọọdún.