Nígbà Tí Ilé Bá Ti Di Oko: Ìsinmi Òpin Ọ̀sẹ̀ fún Tọkọtaya ní Keswick

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sí ojú ewé ìdílé lóṣù yìí kan àwọn tọkọtaya tó wà ní Ìlú Ọba jù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà lọ́hùn-ún, ẹ má ṣe ṣí ojú ewé náà kọjá, nítorí ẹ ní ìpín tiyín níbẹ̀.

Àwọn baba wa máa ń sọ pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ẹni tó bá ti oko dé, ilé ni yóò ti sọ ẹrù kalẹ̀, tí yóò wẹ̀, tí yóò jẹun, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ yóò sì jọ máa tàkúrọ̀sọ títí oorun yóò fi gbé wọn lọ. Ṣùgbọ́n kí ni kí a ti wí nígbà tí ilé fúnra rẹ̀ bá ti di oko? Ọ̀pọ̀ ìdílé wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Manchester àti ní Birmingham ló wà nínú ipò yìí. Ọkọ ń ṣe iṣẹ́ òru, ìyàwó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀sán ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Bí ọkọ ti ń wọlé láàárọ̀ ni ìyàwó ń jáde. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń gba ọmọ lọ́wọ́ ara wọn, bí ẹni ń gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ Sátidé, aṣọ fífọ̀ àti ọjà rírà ló ni ín. Ọjọ́ Àìkú, ilé Ọlọ́run ni láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Arábìnrin kan sọ fún mi pé, "Pásítọ̀, ọkọ mi mọ àkókò iṣẹ́ mi ju bí ó ti mọ ojú mi lọ." Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́.

Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ kì í jà, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu rẹ̀ wà. Kò sí ariwo tí aládùúgbò yóò gbọ́, kò sí ẹjọ́ tí wọn yóò gbé wá sọ́dọ̀ àwọn àgbà ìjọ. Wọ́n kàn ń jìnnà sí ara wọn díẹ̀díẹ̀, títí di ọjọ́ tí wọn yóò rí i pé àwọn ti di àlejò méjì tó jọ ń san owó ilé kan náà. Àìrìn pọ̀ ló ń jẹ ejò níyà, àìjókòó pọ̀ ló sì ń jẹ ọ̀pọ̀ tọkọtaya níyà lónìí.

Ẹ wo Ìhìn Rere Máàkù orí kẹfà. Nígbà tí àwọn àpọ́sítélì ti ẹnu iṣẹ́ dé, tí èrò pọ̀ débi pé wọn kò ráyè jẹun, Olúwa kò ní kí wọ́n tún ṣe kún un. Ńṣe ló pè wọ́n lọ sí ibi tó dá, kí wọ́n lè sinmi díẹ̀. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé èrò tún sáré ṣáájú wọn débẹ̀. Ìsinmi tí a kò bá ṣọ́, èrò ni yóò gbà á. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a jọ ṣètò ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ kan fún ọkọ àti aya, láti ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Àìkú, ní ìlú kékeré kan tí à ń pè ní Keswick.

ÌLÚ NÁÀ ÀTI OHUN TÓ WÀ NÍBẸ̀

Keswick wà ní àríwá ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Cumbria, láàrin àwọn òkè àti adágún tí wọ́n ń pè ní Lake District. Ìjọba sọ gbogbo agbègbè náà di ọgbà ìtọ́jú ti orílẹ̀-èdè ní ọdún 1951, àjọ UNESCO sì kà á mọ́ àwọn ogún gbogbo ayé ní ọdún 2017. Òkè Skiddaw, tó ga ní 931 mítà, ló dúró lẹ́yìn ìlú náà. Adágún Derwentwater ló wà níwájú rẹ̀, ó gùn tó nǹkan bíi máìlì 3, ó sì fẹ̀ tó nǹkan bíi máìlì 1. Láti àárín ọjà, ẹsẹ̀ ni ènìyàn yóò fi rìn dé etí omi náà kí ara tó rẹ̀ ẹ́.

Àwọn tó mọ ìtàn ìjọ kò ṣàjèjì sí orúkọ ìlú yìí. Ní ọdún 1875, Harford-Battersby, àlùfáà ìjọ St John níbẹ̀, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Robert Wilson, tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Quaker, pa àgọ́ kan, wọ́n sì pe àwọn onígbàgbọ́ jọ láti wá ojú Ọlọ́run lórí ìgbé ayé ìwà mímọ́. Ìpàdé náà kò tíì dáwọ́ dúró títí di òní. Oṣù Keje ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ 3 ni wọ́n sì ń ṣe. Bí ìpàdé lẹ ń wá, ẹ lọ nígbà náà. Ṣùgbọ́n bí ìdákẹ́jẹ́ lẹ ń wá, ẹ yẹra fún ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, nítorí ìlú á kún, ilé àlejò á sì ṣọ̀wọ́n.

Àlùfáà mìíràn ní àdúgbò náà ni Hardwicke Rawnsley, ẹni tó ń ṣọ́ ìjọ Crosthwaite. Ó wà lára àwọn mẹ́ta tó dá National Trust sílẹ̀ ní ọdún 1895, ẹgbẹ́ tó ń ra ilẹ̀ tó lẹ́wà kí gbogbo ènìyàn lè máa gbádùn rẹ̀, kí olówó má baà fi ọgbà yí i ká fún ara rẹ̀ nìkan. Ní ọdún 1902, wọ́n fi owó tí ará ìlú dá ra ilẹ̀ Brandelhow létí adágún Derwentwater, ilẹ̀ tó lé ní 100 éékà. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń rìn níbẹ̀, ẹ má ṣe bí ẹni tó yọ́ wọ ilẹ̀ onílẹ̀. Ogún gbogbo ènìyàn ni, ẹ kò ní san kọ́bọ̀ kí ẹ tó rìn ín.

Ìtàn tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ní Keswick wà ní erékùṣù kékeré kan láàrin adágún náà, tí wọ́n ń pè ní St Herbert's Island. Ní nǹkan bí 1,300 ọdún sẹ́yìn, ọkùnrin Ọlọ́run kan tó ń jẹ́ Herbert ń dá gbé níbẹ̀ nínú àdúrà. Ó ní ọ̀rẹ́ kan, Cuthbert, tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Lindisfarne ní etí òkun ìlà oòrùn. Bede, tó kọ ìtàn ìjọ ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé lọ́dọọdún ni Herbert máa ń lọ rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí. Kò sí ọkọ̀, kò sí fóònù, ọ̀nà sì jìn, síbẹ̀ kì í yẹ àdéhùn náà. Nígbà tí Cuthbert sọ fún un pé ìgbà ìkẹyìn tí àwọn yóò rí ara wọn láyé nìyẹn, Herbert sunkún, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run kí wọ́n jọ lọ. Ọjọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì sì kú ní ọdún 687.

Ọ̀rẹ́ méjì tí ọ̀nà jìn láàrin wọn, wọ́n pa àdéhùn ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mọ́. Ìwọ àti aya rẹ tí ẹ jọ ń gbé abẹ́ òrùlé kan, àdéhùn wo ni ẹ ní pẹ̀lú ara yín, yàtọ̀ sí ti owó iná àti owó ilé?

BÍ A ṢE LÈ ṢETÒ RẸ̀

(1) Ẹ kọ́kọ́ gba ọjọ́. Òfin Ìlú Ọba fún òṣìṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 5.6 ìsinmi tí wọ́n ń sanwó fún lọ́dún. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, ọjọ́ 28 ni, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ka ọjọ́ ìsinmi ìjọba mọ́ ọn. Ẹ̀tọ́ yín ni, kì í ṣe ojúrere ọ̀gá. Ẹ jókòó pẹ̀lú kàlẹ́ńdà, ẹ mú òpin ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ̀yin méjèèjì sì kọ̀wé gba àyè níbi iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Bí ẹ bá ń retí ọjọ́ tí àyè yóò yọ fúnra rẹ̀, irun yóò funfun kí ó tó yọ.

(2) Ẹ máa tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ má ṣe yá owó lọ sinmi, nítorí gbèsè kì í jẹ́ kí oorun dùn. Kò pọn dandan kí ẹ sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá. Àwọn ilé kéékèèké tí wọ́n ti ń fún àlejò ní yàrá àti oúnjẹ àárọ̀ pọ̀ ní Keswick. Owó wọn sì máa ń dínkù nígbà tí kì í ṣe àsìkò èrò, pàápàá láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta.

(3) Ẹ mọ ọ̀nà. Ọkọ̀ ojú irin kò wọ Keswick mọ́ láti ọdún 1972. Penrith ni ẹ ó ti sọ̀ kalẹ̀. Láti ibùdókọ̀ Euston ní Lọ́ńdọ̀nù dé ibẹ̀, nǹkan bíi wákàtí 3 ni. Láti Penrith, bọ́ọ̀sì X4 tàbí X5 yóò gbé yín dé Keswick láàrin wákàtí kan. Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kí owó rẹ̀ lè mọ níwọ̀n. Káàdì kan sì wà tí wọ́n ń pè ní Two Together Railcard. Orúkọ ẹni méjì ló máa ń wà lórí rẹ̀, ó sì ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò lórí owó ọkọ̀, bí àwọn méjèèjì bá jọ ń lọ. Láàrin ọjọ́ Ajé sí Ẹtì, kò ṣiṣẹ́ ṣáájú aago 9:30 àárọ̀. Inú mi máa ń dùn sí káàdì yìí, nítorí tí ọkọ tàbí aya bá dá lọ, kò wúlò. Bí ẹ bá ní mọ́tò, ẹ gba ọ̀nà M6 títí dé ìkóríta 40, kí ẹ sì yà sí ọ̀nà A66.

(4) Ẹ wá ibi ààbò fún àwọn ọmọ. Ẹ má ṣe fi wọ́n sílẹ̀ nílé ní àwọn nìkan láéláé. Ẹ bá tọkọtaya kan tí ẹ fọkàn tán nínú ìjọ ṣe àdéhùn: ẹ̀yin yóò tọ́jú ọmọ tiwọn ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, àwọn náà yóò sì tọ́jú tiyín ní òmíràn. Ìdílé méjì ni yóò tipa bẹ́ẹ̀ sinmi.

(5) Ẹ múra sí òjò. Ní abúlé Seathwaite, tí kò jìnnà sí Keswick, òjò tó ń rọ̀ tó nǹkan bíi 3,500 mílímítà lọ́dún, ó ju ìlọ́po méjì ti Ìbàdàn lọ. Keswick kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbé ẹ̀wù òjò àti bàtà tó lẹ́rù ní ìsàlẹ̀, kí ẹ fi bàtà ọjọ́ Ìsinmi sílẹ̀ nílé. Òkè Catbells ga ní 451 mítà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń gùn ún, ṣùgbọ́n bí ìkùukùu bá bo orí rẹ̀, ẹ yí padà. Bí ewu bá dé lórí òkè, ẹ pe 999, ẹ béèrè ọlọ́pàá, kí ẹ sì ní kí wọ́n pe àwọn adóòlà orí òkè.

(6) Ẹ má ṣe kó iṣẹ́ púpọ̀ sínú ọjọ́ méjì. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ jẹun, ẹ sùn. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ rìn dé Friar's Crag láti wo omi àti òkè, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń yí adágún ká, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Brandelhow, kí ẹ sì jókòó. Àwọn aláwọ̀ dúdú kò pọ̀ níbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí èyí dẹ́rù bà yín. Ẹni tí ẹ bá pàdé lójú ọ̀nà òkè á sábà kí yín, bí ìgbà tí ènìyàn ń lọ sóko lábúlé wa. Ẹ dá a lóhùn tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Lálẹ́ ọjọ́ náà, kí olúkúlùkù dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: Kí ló ti wù mí sọ fún ọ tí n kò ráyè sọ? Kí ló ń bà mí lẹ́rù? Kí ni kí a yípadà tí a bá padà délé? Ẹni tó bá ń gbọ́, kí ó gbọ́ tán kó tó fèsì. Ẹ má ṣe sọ ọ̀rọ̀ owó kọjá ìdajì wákàtí. Lọ́jọ́ Àìkú, ilé Ọlọ́run wà níbẹ̀, ẹ wọlé sìn, kí ẹ tó máa bọ̀.

Ẹ̀yin òbí nílé, ìpín tiyín rèé. Bí ọmọ yín bá sọ pé òun àti aya òun kò ní gbé fóònù ní ọjọ́ méjì, ẹ má sọ pé òyìnbó ti sọ ọ́ dà. Bí owó tó ń fi ránṣẹ́ bá dín lẹ́ẹ̀kan, ẹ fara dà á. Owó tí ọmọ yín ná láti pa ìdílé rẹ̀ mọ́ kéré sí owó tí yóò ná bí ìdílé náà bá fọ́, omijé yín kò sì ní lè san án padà.

Ẹ̀yin tọkọtaya, ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí dókítà tàbí agbẹjọ́rò yóò fi ipá fún yín ní ìsinmi. Kí oṣù yìí tó parí, ẹ mú ọjọ́ kan. Bí Keswick bá jìn jù, ẹ wá ibi tó dákẹ́ nítòsí, àní bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Kí Olúwa sọ ilé wa di ilé padà, kí ó sì jẹ́ kí a tún mọ ojú ara wa. Àmín.