Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn: owó ọdẹ àti ẹran ìgbẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Nílé Yorùbá, àgbà ló kọ́kọ́ ń jẹun, ọmọdé ló ń palẹ̀ mọ́. Ohun tí àgbà bá ṣẹ́ kù sínú abọ́ ni èrè ọmọdé. Bí àgbà bá gbá abọ́ mọ́ láìṣẹ́ eegun kan kù, ọmọdé á ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó pè é. Olójúkòkòrò ni wọ́n sábà máa ń fi òwe yìí bá wí, ṣùgbọ́n kì í ṣe àánú nìkan ló ń kọ́ni. Àgbà tó ṣẹ́ oúnjẹ kù ń ṣe ara rẹ̀ lóore, nítorí ó ń wá orí tí yóò bá a ru igbá. Bí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ń rí owó tọ́jú ẹja àti ẹran ìgbẹ́ bá ọ̀rọ̀ yìí mu: àwọn tó ń jẹ ẹran náà gan-an ni wọ́n ní kí wọ́n máa ṣẹ́ ẹ kù.

Ní sẹ́ńtúrì 19, jíjẹ àjẹìwẹ̀yìn ni wọ́n jẹ ẹ́. Ẹyẹlé igbó kan wà nílẹ̀ náà tó jẹ́ pé bí agbo rẹ̀ bá ń kọjá lókè, ojú oòrùn á ṣú. Iye wọn tó bílíọ̀nù lọ́nà púpọ̀. Nígbà tí wáyà tẹligíráàfù dé, àwọn ọdẹ olówò ń fi sọ ibi tí ẹyẹ náà bà sí fún ara wọn, ọkọ̀ ojú irin sì ń fi àgbá kó òkú wọn lọ sí ọjà ìlú ńlá. Èyí tó kẹ́yìn wọn, tí wọ́n ń pè ní Martha, kú nínú ọgbà ẹranko ní Cincinnati ní ọjọ́ kìíní oṣù September, 1914. Àgbọ̀nrín onírù funfun pàápàá ti dín kù sí nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù nígbà tí sẹ́ńtúrì 20 bẹ̀rẹ̀. Òfin Lacey ti ọdún 1900 ka kíkó ẹran tí wọ́n pa lọ́nà àìtọ́ láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn léèwọ̀, ṣùgbọ́n òfin kò lè dá ṣọ́ igbó. Ẹ̀ṣọ́ ní í ṣọ́ ọ, ẹ̀ṣọ́ sì ń gba owó oṣù.

Ní ti ìjọba àpapọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pa pẹ́pẹ́yẹ igbó ni owó ti kọ́kọ́ wá. Láti ọdún 1934, ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ tó bá ti pé ọmọ ọdún 16 gbọ́dọ̀ ra sítáǹpù ìjọba àpapọ̀. Dọ́là kan ni wọ́n ta ti àkọ́kọ́, èyí tí Jay Darling yà, ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ inú ìwé ìròyìn tó di ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹran ìgbẹ́. Dọ́là 25 ni lónìí. Bí ó bá jẹ́ sítáǹpù oníbébà, ọdẹ ní láti fi yíǹkì buwọ́ lu ojú rẹ̀. Bí kò bá buwọ́ lù ú, kò tíì ní àṣẹ. Sẹ́ńtì 98 nínú dọ́là kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń ra ilẹ̀ àbàtà tí ẹyẹ ń sọ̀ sí, tàbí kí wọ́n fi háyà rẹ̀.

Òfin tó tóbi jù dé ní ọdún 1937. Sẹ́nétọ̀ Key Pittman láti Nevada àti aṣojú-ṣòfin Willis Robertson láti Virginia ló gbé e wá, Ààrẹ Franklin Roosevelt sì buwọ́ lù ú ní oṣù September. Owó orí ti wà lórí ìbọn àti ọta tẹ́lẹ̀, àmọ́ àpò gbogbogbòò ló ń wọ̀. Òfin yìí yà á sọ́tọ̀ fún ẹran ìgbẹ́. Ìdá 11 nínú 100 ni ti ìbọn gígùn àti ọta. Nígbà tó yá, wọ́n fi ìbọn ìléwọ́ àti ọrun kún un. Ẹni tó ra páálí ọta kan kò ní rí owó yìí lórí rìsíìtì, torí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọta ti san án, ó sì ti kó o sínú iye tó ń tà á.

Ìdajì owó náà ni wọ́n ń fi bí ilẹ̀ ìpínlẹ̀ ṣe fẹ̀ tó pín, ìdajì kejì ni wọ́n ń fi iye ọdẹ tó gba ìwé-àṣẹ pín. Ìpínlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ná owó, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ohun tó gbọ́n jù nínú òfin náà ni gbólóhùn kan tí Robertson fi kún un: ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ jẹ nínú owó yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi òfin tirẹ̀ dè é pé owó ìwé-àṣẹ ọdẹ kò ní bá ibòmíràn lọ ju ilé-iṣẹ́ ẹran ìgbẹ́ àti ẹja lọ. Gómìnà tó bá fi í la títì, ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ rẹ̀ sí owó ìjọba àpapọ̀ dúró títí yóò fi dá a padà. Oúnjẹ tí àgbà ṣẹ́ kù kì í dé ọwọ́ ọmọdé bí ẹlòmíràn bá lè yọ ọ́ jẹ lójú ọ̀nà.

Èrè rẹ̀ hàn. Àgbọ̀nrín onírù funfun ti tó nǹkan bí mílíọ̀nù 30. Tòlótòló igbó fún wọn ní wàhálà díẹ̀: èyí tí wọ́n sìn lọ́gbà tí wọ́n sì tú sílẹ̀ kò mọ bí a ti ń sá fún ẹran apẹran, kíá ló ń kú. Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n da àgbàdo sí ojú pápá, wọ́n lúgọ, wọ́n sì yin àwọ̀n láti inú àgbá bo tòlótòló igbó gidi bí wọ́n ṣe ń ṣa á jẹ, wọ́n wá kó wọn lọ sí igbó tó ti ṣófo. Àwọn ìyẹn bí, wọ́n rẹ̀. Ní ti ẹja, òfin ọdún 1950 fi irú owó orí kan náà lé ọ̀pá ìpẹja. Ti ọdún 1984 fi epo ọkọ̀ ojú omi kún un.

Ìṣòro tó kù ni pé àgbà tó ń ṣẹ́ kù ń dín kù. Mílíọ̀nù 11.5 péré ló ṣọdẹ ní ọdún 2016, àwọn tó ń ra ìbọn fún ìdánrawò tàbí ààbò ara wọn ló sì ń mú púpọ̀ nínú owó náà wá. Ó wá ku ẹ̀dá tí ẹnikẹ́ni kì í pa jẹ: ọ̀pọ̀lọ́, ìṣáwùrú, ẹyẹ kéékèèké. Àwọn ìpínlẹ̀ ti kọ orúkọ nǹkan bí 12,000 irú ẹ̀dá tó nílò ìtọ́jú sílẹ̀. Àwọn tó ń fi ojú jẹ tiwọn, tí wọ́n ń ra awò láti fi wo ẹyẹ, kì í san irú owó orí yìí. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn kan dábàá kí wọ́n fi í lé awò, àgọ́ àti báàgì ẹ̀yìn. Àwọn tó ń ṣe ọjà náà kọ̀, ọ̀rọ̀ sì kú síbẹ̀. Owó ìrànwọ́ tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún ìpínlẹ̀ ní ọdún 2000 rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdọọdún ni wọ́n ní láti tún un bẹ̀ lọ́wọ́ àwọn aṣòfin. Ní oṣù June 2022, Ilé Aṣojú-ṣòfin fi ìbò 231 sí 190 gba àbá òfin tí ì bá máa pèsè owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dún fún irú àwọn ẹ̀dá bẹ́ẹ̀. Ilé Aṣòfin Àgbà kò dìbò lé e títí sáà ìjókòó wọn fi parí.