Ta Ló Ní Kí Ewì Má Fẹ́ Àwòrán?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ kan ń bí mi nínú, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ẹdúnàbọ̀n, létí Ilé-Ifẹ̀, kọ ewì nípa òjò sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewì náà, ó ya korobá kan tó jókòó sórí ẹní nínú yàrá. Tíṣà fi bírò pupa fagi lé àwòrán náà, ó ní eré ọmọdé ni. Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ ò yàwòrán mọ́, kò sì kọ ewì mọ́.

Ta ló kọ́ wa pé àwọn méjèèjì ò gbọdọ̀ gbélé pọ̀? Kì í ṣe àwọn baba wa o. Ní Ifẹ̀ yìí kan náà, babaláwo á kọ́kọ́ fi ìka tẹ odù sórí ìyẹ̀rosùn lójú ọpọ́n, kó tó ki ẹsẹ Ifá. Odù 256 ló wà, kò sì sí èyí tí kò ní àmì tirẹ̀. Ojú ń rí àmì, etí ń gbọ́ ẹsẹ. Ta ló tó bẹ́ẹ̀ kó sọ fún babaláwo pé eré ọmọdé ló ń ṣe?

Ẹ tún wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn. Òpó Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, ni àwọn ìyá aládìrẹ fi ẹ̀kọ yà sí i. Òpó ò lè sọ pé ìlú dùn. Orúkọ aṣọ ló sọ ọ́. Orúkọ nìkan ò sì lè fi òpó han ojú.

Ní Òṣogbo ńkọ́? Twins Seven Seven, tó kú ní 2011, kọrin, ó jó, ó sì yàwòrán. UNESCO fi oyè dá a lọ́lá ní 2005. Ṣé wọ́n ní kó mú ọ̀kan kó fi ìyókù sílẹ̀ ni?

Mo mọ ohun tí wọ́n á sọ. Wọ́n á ní àwòrán máa ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ ewì lẹ́nu. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ewì bá ní òjò ń rọ̀, tí àwòrán náà kàn tún ní òjò ń rọ̀, àsọtúnsọ ni. Ṣùgbọ́n korobá ọmọ yẹn ò sí nínú ewì rẹ̀ rárá. Òun ló sọ fún wa pé òrùlé ilé ń jò! Ohun tí tíṣà fagi lé gan-an nìyẹn.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin òǹtẹ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé bírò pupa yín sílẹ̀. Àwọn àgbà ló sọ ọ́: ojú lọ̀rọ̀ wà.