Ẹ̀rọ Aṣílẹ̀kùn fún Ilé Etí Òkun

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn tí ń kọ́lé sí Lẹ́kí àti Àjà lóde òní mọ òwe yìí dáadáa, síbẹ̀ ó jọ pé wọ́n máa ń gbàgbé rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dé ọjà láti ra ẹ̀rọ aṣílẹ̀kùn, èyíinì ni ẹ̀rọ oníná tí ń ṣí géètì tàbí ìlẹ̀kùn gáréèjì tí a ń gbé ọkọ̀ sí, tí ó sì ń tì í, láìjẹ́ pé onílé sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀. Wọn a wo ẹwà rẹ̀. Wọn a ná an. Wọn a béèrè irú èyí tí aládùúgbò rà. Ibi tí ẹ̀rọ náà yóò máa gbé ni wọn kì í sábà wò. Bẹ́ẹ̀ ni etí òkun kì í ṣe ibi tí ó rọ irin lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ọmọ Òsì, Ìlọ́fà, Odò-Ọwà àti àwọn ìlú yòókù ní àgbègbè Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kwara, nítorí púpọ̀ nínú wọn ni iṣẹ́ gbé lọ sí Èkó, tí wọ́n sì ń kọ́lé síbẹ̀ kí wọ́n tó padà wá kọ́ tilé. Láti Òsì dé etí òkun ní Èkó ju 200 kìlómítà lọ. Ní ilé, irin tí a bá kùn ní ọ̀dà dáadáa a máa lo ọdún púpọ̀ kí ìpáàrà tó mú un. Páànù orí ilé a máa pọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò ṣì wà lórí ilé nígbà tí ọmọ ẹni tí ó kàn án bá ti di baba ọmọ. Ẹni tí ó dàgbà láàárín irú irin bẹ́ẹ̀ yóò rò pé bákan náà ni irin rí níbi gbogbo. Nígbà tí wẹ́dà bá sì sọ fún un ní Lẹ́kí pé, “Ọ̀gá, irin ni irin, ẹ má dààmú ara yín,” yóò gbà á gbọ́.

Ìtìjú díẹ̀ ni ó jẹ́ pé ọmọ Òsì ni ẹnikẹ́ni yóò máa kọ́ ní ọgbọ́n ìlẹ̀kùn. Òsì ni ìlú Areogun, ọ̀gá agbẹ́gilére tí ó kú ní ọdún 1954, ìlẹ̀kùn gbígbẹ́ sì wà lára iṣẹ́ tí òkìkí rẹ̀ fi kàn. Odò-Ọwà ni ìlú Bamigboye, ẹni tí Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn iṣẹ́ ọnà rẹ̀ ní ọdún 2022. Ìlẹ̀kùn onígi àtijọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá kò ní hínjì irin. Lára pákó ìlẹ̀kùn fúnra rẹ̀ ni a ti ń gbẹ́ èèkàn kúkurú jáde lókè àti nísàlẹ̀, àwọn èèkàn wọ̀nyí ni a sì ń kì bọ inú ihò kí ìlẹ̀kùn lè máa yí. Kí oníṣẹ́ ọnà tó gbé àáké rẹ̀, ó ti mọ ọ̀tá tí ìlẹ̀kùn náà yóò bá jà. Ikán ni. Nítorí náà ni ó fi ń wá igi bí ìrókò, tí ikán kì í tètè jẹ. Ní etí òkun, ọ̀tá ti yí padà. Iyọ̀ ni.

Afẹ́fẹ́ tí ń ti orí òkun fẹ́ wá sí ilẹ̀ kì í dá wá. Nígbà tí ìgbì bá ń fọ́ ní bèbè òkun, omi a fọ́n ká sínú afẹ́fẹ́ ní ẹ̀kán wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí, iyọ̀ sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìwọ̀nyí ni afẹ́fẹ́ ń gbé lọ bà lé géètì, bọ́ọ̀tì, ṣéènì àti wáyà. Iyọ̀ a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó bá gbàgbé abọ́ iyọ̀ sílẹ̀ láìdé e ní ìgbà òjò ti mọ̀. Nítorí náà ara irin tí iyọ̀ bà lé kì í gbẹ tán. Omi oníyọ̀ sì ń mú kí ìpáàrà yára ju omi òjò lásán lọ. Bí ilé bá ti jìnnà sí bèbè òkun tó ni ìyọnu náà ń dín kù tó, tí ó fi jẹ́ pé ohun tí ó tó fún ará Ìkẹjà lè má tó rárá fún ẹni tí ń gbọ́ ìró ìgbì láti orí ibùsùn rẹ̀.

Nítorí èyí, ìlẹ̀kùn ni ó yẹ kí onílé kọ́kọ́ yàn, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kò ṣe ju pé kí ó fa ohun tí a bá so mọ́ ọn. Bí ìlẹ̀kùn bá wúwo bí ẹnu ibodè ìlú àtijọ́, tí táyà kéékèèké ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti dípẹtà mọ́ ojú irin tí ó ń gbà kọjá, ẹ̀rọ tí ó dára jù lọ pàápàá yóò gbóná, yóò kérora, yóò sì jó. Onílé yóò wá máa pariwo pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ìbẹ̀rù olè àti ojú ayé ni ó bí àwọn géètì ràgàjì tí ó kún Èkó. Ti olè ṣeé gbọ́. Ti ojú ayé kò ṣeé gbọ́.

Àlùmíníọ́mù fúyẹ́, kì í sì í pọ́n bí irin, òun ni ó sì yẹ ìlẹ̀kùn gáréèjì etí òkun jù lọ. Ṣùgbọ́n òun náà ní èèwọ̀ tirẹ̀. Níbi tí omi oníyọ̀ bá wà, bí àlùmíníọ́mù bá fara kan irin ní tààràtà, àlùmíníọ́mù náà yóò máa jẹrà ní ibi tí méjèèjì ti pàdé. Ó yẹ kí a fi rọ́bà là wọ́n láàárín ní ojú ihò bọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀tì àti hínjì fúnra wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ irin lásán. Nínú àwọn irin tí kì í tètè dípẹtà, èyí tí a fi nọ́ńbà 304 mọ̀ wọ́pọ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n 316 ni ó lè dúró níwájú iyọ̀ pẹ́.

Ẹni tí kò bá lè ṣe kí ó má lo irin, kí ó ra irin tí a rì sínú síńkì yíyọ́. Síńkì a máa fi ara rẹ̀ ṣe ẹbọ fún irin: òun ni iyọ̀ yóò kọ́kọ́ jẹ. Ibi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti ń ṣubú nìyí. Onílé yóò ra irin onísíńkì ní owó gọbọi, yóò gbé e fún wẹ́dà, wẹ́dà yóò gé e, yóò jó o pọ̀, iná wẹ́dà yóò sì ti jó síńkì kúrò ní gbogbo oríkèé. Oríkèé wọ̀nyí gan-an ni ìpáàrà yóò gbà wọlé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ó yẹ kí a jó géètì pọ̀ tán kí a tó rì í sínú síńkì. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, kí a fi ọ̀dà onísíńkì kun ojú ibi tí a jó kí wẹ́dà tó kó irinṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀.

Lẹ́yìn ìlẹ̀kùn ni ọ̀rọ̀ kan ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ géètì tí a ń tì sí ẹ̀gbẹ́ sábà máa ń jókòó sílẹ̀ ní ìta gbangba, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń nà án tọ̀sán tòru, tí àgbàrá òjò oṣù Keje sì lè bò ó mọ́lẹ̀ ní Lẹ́kí. Ẹ̀rọ gáréèjì wà lábẹ́ òrùlé, lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá gba gáréèjì, ìyẹn ni ó sàn fún un. Ẹni tí kò bá ní ààyè, kí ó mọ pèpéle sìmẹ́ńtì gíga fún ẹ̀rọ géètì rẹ̀. Nínú ẹ̀rọ gáréèjì, òmíràn ń fi ṣéènì irin fa ìlẹ̀kùn, òmíràn ń fi bẹ́líìtì fà á. Ṣéènì lágbára, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n oúnjẹ iyọ̀ ni. Bẹ́líìtì onírọ́bà kò mọ ohun tí ń jẹ́ ìpáàrà, kì í sì í pariwo lóru.

Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí ni a ti ń rí lẹ́tà IP pẹ̀lú nọ́ńbà méjì, bí IP54. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ bí ara ẹ̀rọ ti lè dí eruku lọ́nà tó, èkejì ń sọ bí ó ti lè dí omi lọ́nà tó. Àwọn òǹtajà a máa nàka sí i bí ẹni pé ó ti parí ọ̀rọ̀. Kò parí rẹ̀, nítorí nọ́ńbà méjèèjì kò sọ ohunkóhun nípa iyọ̀. Ẹni tí ń rà ní láti béèrè bóyá a ti dán ẹ̀rọ náà wò nínú ìkùukùu omi oníyọ̀, àti bóyá a fi nǹkan bo àwọn wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà kàn wọ́n. Bí òǹtajà bá ń wò ràkọ̀ràkọ̀, kí ó kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Ẹlòmíràn ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Houston tí yóò fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí i. Inú rere ni, ṣùgbọ́n agbára iná ilé ní Amẹ́ríkà jẹ́ fólítì 120, ti Nàìjíríà sì jẹ́ 230. Ẹ̀rọ tí a ṣe fún tọ̀hún, bí a bá kì í bọ iná Nàìjíríà ní tààràtà, kò ní pẹ́ kí ó tó rú èéfín.

Ọ̀rọ̀ iná tún ju èyí lọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2017, iná igbó jó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní ìpínlẹ̀ California. Iná mànàmáná lọ, àwọn kan, pàápàá àwọn arúgbó, kò sì lè fi ọwọ́ gbé ìlẹ̀kùn gáréèjì wọn sókè láti wa ọkọ̀ sá jáde. Ìyẹn ni ó bí òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2019, pé ẹ̀rọ aṣílẹ̀kùn tuntun fún ilé gbígbé gbọ́dọ̀ ní bátìrì. Bí ó bá yẹ kí California, níbi tí iná kì í sábà lọ, ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, kí ni kí a sọ nípa Nàìjíríà, níbi tí iná ọba dákú jákèjádò orílẹ̀-èdè ní ìgbà púpọ̀ ní ọdún 2024? Síbẹ̀ bátìrì nìkan kò tó. Okùn tàbí kọ́kọ́rọ́ kan wà tí a fi ń tú ìlẹ̀kùn kúrò lára ẹ̀rọ kí ọwọ́ lè ṣí i. Irin kékeré ni, iyọ̀ a sì máa lẹ̀ ẹ́ pa nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án fún ọdún kan. Kí gbogbo ará ilé máa tú u wò lóṣooṣù, títí kan ìyá onílé tí ó ti Ìlọ́fà wá kí ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Àwọn ọmọ-ọmọ náà ńkọ́? Ní Amẹ́ríkà, gbogbo ẹ̀rọ aṣílẹ̀kùn ilé gbígbé tí a ṣe láti ọdún 1993 gbọ́dọ̀ lè dá ìlẹ̀kùn padà sókè bí ó bá bá ohun kan pàdé bí ó ti ń bọ̀ nílẹ̀, nítorí pé ọmọdé ti kú sábẹ́ irú ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Ojú kéékèèké méjì sábà máa ń wà nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, tí ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Iyọ̀ a máa bo ojú wọ̀nyí, ìlẹ̀kùn a sì kọ̀ láti pa dé. Oníṣẹ́ tí a bá pè nígbà náà lè so wáyà ojú náà pọ̀ kí ẹ̀rọ lè máa ṣiṣẹ́ láìsí i. Ìwà ìkà ni èyí, bí onílé tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣọ rírọ̀ àti omi díẹ̀ ni a fi ń nù ún.

Àwọn kan yóò sọ pé ọlọ́dẹ tí ń ṣí géètì ṣàn ju gbogbo wàhálà yìí lọ. Wọn kò ṣìnà pátápátá. Ilé tí ọkọ̀ kan ṣoṣo ń wọ̀, tí ó ní géètì fífúyẹ́ tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè tì, kò nílò ẹ̀rọ kankan, owó rẹ̀ ì bá sì dára fún bọ́ọ̀tì 316. Ẹni tí ó bá sì rà á gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó ti ra iṣẹ́ mọ́ ọn: fífi omi fọ iyọ̀ kúrò lára ìlẹ̀kùn déédéé, àti fífi gíríìsì pa ojú irin. Omi tí kò ní iyọ̀ ni kí ó jẹ́ o, nítorí kànga ẹ̀rọ mìíràn wà ní agbègbè Lẹ́kí tí omi oníyọ̀ ni ó ń pọn.

Nígbà tí onílé bá wá padà sí Ìlọ́fà tàbí Òsì láti kọ́ tilé, kí ó má ṣe gbé ìṣirò Lẹ́kí wá. Irin tí a kùn dáadáa tó níbẹ̀. Eruku ọyẹ́ ni yóò máa di ojú irin àti ojú ẹ̀rọ, àrá ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni yóò sì fẹ́ jó o, nítorí náà kí ó yọ ọ́ kúrò lára iná nígbà tí ìjì bá ṣú. Bí ó bá sì fẹ́ ìlẹ̀kùn onígi, ìrókò ṣì wà, agbẹ́gilére sì lè ya ẹlẹ́ṣin àti ọdẹ sí i lára.