OWÓ-ORÍ MÉJÌ NI NỌ́Ọ̀SÌ WA Ń SAN

Ẹ̀yin ará Ìjàrè, Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ẹ gbọ́! Wọ́n ní ojúkòkòrò ló ń gbé dókítà àti nọ́ọ̀sì wa lọ sí Ìlú Ọba. Irọ́ ni! Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà.

Lọ́hùn-ún, owó iṣẹ́ ọdún kan tó bá kọjá £12,570, ìjọba ń gba £20 nínú £100 tó bá lé lórí rẹ̀. Owó ilé sì wọ́n. Síbẹ̀ wọ́n ń lọ. Kí ló dé? Owó-orí ibẹ̀ ń di ilé-ìwé ọ̀fẹ́ àti ìtọ́jú ọ̀fẹ́. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kì í ra jẹnẹrétọ̀, kì í gbẹ́ kànga.

Níhìn-ín ńkọ́? Wọ́n á yọ owó-orí kí owó oṣù tó dé ọwọ́ rẹ̀. Òun náà ni yóò tún ra iná, ra omi, san owó ilé-ìwé ọmọ. Kí May 29, 2023 tó dé, lítà epo kan kò tó ₦200; kí oṣù yẹn tó parí, ó ti ju ₦480 lọ. Owó-orí kejì nìyẹn!

Yunifásítì ìṣègùn wà l'Óǹdó: àwa ń gbìn, Lọ́ńdọ́nù ń kórè. Bí aboyún bá ń rọbí lóru n'Ìjàrè, ta ni yóò gbẹ̀bí rẹ̀?

Láti 1979 sí 1983, ìjọba Ajáṣin ṣe ìwòsàn ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ yìí. Ó ṣeé ṣe! Bí wọ́n bá gbé ìrẹsì wá, ẹ bi wọ́n: owó-orí wa dà? Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìbò lé wọn lọ!