KÍ Ẹ TÓ TẸ̀KA FÚN ILÉ-IṢẸ́ ẸTANỌ́Ọ̀LÙ

Ẹ̀yin ará Ọbáfẹ́mi, ẹ̀yin ará Mowe, Ibafo, Ọ̀fàdà, Òwódé àti Ifọ̀ lápapọ̀, ẹ gbọ́. Ìbò ń bọ̀, àwọn tó wà lórí àlééfà sì tún ti gbé àpò ìlérí wọn kọ́ èjìká. Bí wọ́n bá ti dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀, ilé-iṣẹ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ: a ó kọ́ ilé-iṣẹ́ fún yín, ẹ̀gẹ́ yín kò ní jẹrà mọ́, àwọn ọmọ yín yóò ríṣẹ́ ṣe. Nínú gbogbo ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ẹnu kọ́ yìí, ti ẹtanọ́ọ̀lù ló dùn létí jù. Ẹgbẹ́ wa kò kọ ilé-iṣẹ́. Ohun tí a kọ̀ ni kí wọ́n fi ilé-iṣẹ́ bò yín lójú, kí ilẹ̀ sì ti bọ́ lọ́wọ́ yín kí ẹ tó lajú.

Kí ni ẹtanọ́ọ̀lù? Ẹ má jẹ́ kí gírámà dẹ́rù bà yín. Ọtí ni. Ohun tó wà nínú ògógóró náà ni, àmọ́ wọ́n ti sè é títí omi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ọtí inú ìgò, òun ni wọ́n fi ń ṣe lọ́fínńdà àti oògùn tí a fi ń pa kòkòrò lọ́wọ́, wọ́n sì lè pò ó mọ́ bẹntiróòlù kí mọ́tò máa mu ún. Ìrèké ni wọ́n fi ń ṣe é ní Bùràsíìlì, àgbàdo ni ní Amẹ́ríkà, ẹ̀gẹ́ ni lọ́dọ̀ tiwa.

Ṣé wọ́n rò pé a ti gbàgbé ni? Ní 2002, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Ìbógùn-Ọláògún nínú Ifọ̀ wa níhìn-ín, gbé ètò ẹ̀gẹ́ kalẹ̀. Wọ́n ní kí gbogbo ayé gbin ẹ̀gẹ́, pé òkè òkun ń dúró dè é. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí àwọn oníbúrẹ́dì máa fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sí búrẹ́dì. Àgbẹ̀ gbọ́, àgbẹ̀ gbìn. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ wá pọ̀ tán, ẹni tí yóò rà á kò tó nǹkan. Owó rẹ̀ já wálẹ̀ gbì, ẹlòmíràn sì fi tirẹ̀ sílẹ̀ sínú ilẹ̀ torí pé owó alágbàṣe tí yóò hú u ju owó tí yóò pa lọ. Ní 2007 wọ́n tún gbé ètò mìíràn jáde, pé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún bẹntiróòlù Nàìjíríà yóò máa jẹ́ ẹtanọ́ọ̀lù, wọ́n sì ní kí oníléeṣẹ́ tó bá dá a sílẹ̀ má san owó orí fún ọdún mẹ́wàá. Ẹ wo bí wọ́n ṣe pín in: olówó gba ọdún mẹ́wàá lórí ìwé, àgbẹ̀ gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Bẹntiróòlù tí ẹ ń rà ní Mowe lónìí, ẹ̀gẹ́ ta ló wà nínú rẹ̀?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe tóbi tó, kò pọn dandan kó lọ jìnnà. Ìgbẹ́sà wà nínú ìpínlẹ̀ Ògùn yìí, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ Allied Atlantic Distilleries sí, láti máa fi ẹ̀gẹ́ ṣe ẹtanọ́ọ̀lù nǹkan bí 30,000 lítà lójúmọ́. Ẹ kíyè sí i pé ọtí tí àwọn oníléeṣẹ́ ọtí ń lò ni wọ́n kọ́ ọ fún, kì í ṣe epo mọ́tò. Èmi tí mo ń kọ èyí, ìwé mẹ́wàá náà ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n ìṣirò kò sá fún mi, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é. Tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ kan ń mú nǹkan bí 150 lítà jáde. Bí ilé-iṣẹ́ kan yóò bá ṣe 30,000 lítà, yóò jẹ 200 tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ lójúmọ́. Bí oko bá ṣe dáadáa, éékà kan yóò mú tọ́ọ̀nù mẹ́rin wá. Àádọ́ta éékà nìyẹn lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá! Bí wọ́n bá fi 300 ọjọ́ ṣiṣẹ́ lọ́dún, éékà 15,000 ni, ẹ̀gẹ́ kì í sì í gbó lóṣù mẹ́ta.

Níbo ni wọn yóò ti rí i? Ní etí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, láti Ibafo títí dé Mowe, ilé ló kún ibẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ ti tà á tán. Oko tó kù fún wa wà lápá Ọbáfẹ́mi, Ọ̀fàdà àti àwọn abúlé tó lọ sí Òwódé, pẹ̀lú ìwọ̀nba tó kù ní ìgbèríko Ifọ̀. Ilẹ̀ tó ń bọ́ wa nìyẹn. Orí ilẹ̀ yẹn ni ìrẹsì tó gbé orúkọ Ọ̀fàdà dé Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù ti ń hù.

Wọ́n á ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, ọwọ́ yín náà la ó ti máa rà á.” Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ ná. Ẹ̀gẹ́ tí a bá ti hú, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni, inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Àgbẹ̀ tó bá fi ọkọ̀ kó o dé géètì ilé-iṣẹ́, ṣé yóò tún kó o padà sílé ni? Owó ọkọ̀ ń lé e, ẹ̀gẹ́ ń bàjẹ́, òṣùwọ̀n tiwọn ni wọn yóò fi wọ̀n ọ́n, wọn yóò ní iyẹ̀fun inú rẹ̀ kò tó, iye tí wọ́n bá pè ló máa gbà. Èyí ni bí gàrí bá pọ̀ lọ́jà. Bí gàrí bá wọ́n ńkọ́? Àgbẹ̀ tí orí rẹ̀ pé yóò ta ẹ̀gẹ́ rẹ̀ fún àwọn ìyá wa tí ń yan gàrí, tí wọ́n ń ṣe láfún àti fùfú, nítorí tiwọn ló lówó lórí. Ebi yóò wá máa pa ẹ̀rọ. Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ tí ń lo ẹ̀gẹ́ ní Nàìjíríà kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan: ẹ̀rọ wà, ẹ̀gẹ́ kò tó.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń yí padà. Olówó kò ní fi owó rẹ̀ jókòó máa wo ẹnu àgbẹ̀. Yóò tọ ìjọba lọ, yóò ní, “Ẹ fún mi ní ilẹ̀ tèmi kí n gbin tèmi.” Ìjọba ní ohun tí yóò fi fún un. Òfin Ìlò Ilẹ̀ tí ìjọba ológun ṣe ní 1978 ti fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ Gómìnà. Bí ó bá fọwọ́ sí i pé ó wà fún ànfààní gbogbogbòò, owó ilé tí ẹ kọ́ àti irè tí ẹ gbìn sórí ilẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n san fún yín, kì í ṣe owó ilẹ̀ náà bí ẹ ṣe ń tà á láàárín ara yín. Igbó tí bàbá yín fi sílẹ̀ kí ilẹ̀ lè sinmi, lójú òfin yẹn, igbó lásán ni. Ìyá tó yá oko dá lọ́wọ́ onílẹ̀, tí kò ní ìwé kankan, ta ni yóò tilẹ̀ pè é síbi tí wọ́n ti ń ka owó?

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Sàró. Ẹ̀gbá kò ṣàjèjì sí Sàró, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn bàbá ńlá wa ti padà wálé. Ní 2010, ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Addax Bioenergy yá ilẹ̀ lẹ́bàá ìlú Makeni fún àádọ́ta ọdún, láti gbin ìrèké tí wọn yóò fi ṣe ẹtanọ́ọ̀lù fún àwọn ará Yúróòpù. Dọ́là 12 ni owó hẹ́kítà kan lọ́dún kan gbáko, hẹ́kítà kan sì ju éékà méjì lọ. Nínú dọ́là 12 náà, ìdajì ló kan onílẹ̀. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀, àwọn ìjòyè àti ìjọba àpapọ̀ ló pín ìyókù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ náà fi díẹ̀ kún ti onílẹ̀ lẹ́yìn náà. Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà wà lára àwọn tó yá wọn lówó. Ní 2014 ọtí bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ní oṣù keje 2015 wọ́n dín iṣẹ́ kù, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ padà lọ jókòó sílé. Ní 2016 wọ́n tà á fún ilé-iṣẹ́ mìíràn. Àrùn Ebola dá kún un lóòótọ́, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: nígbà tí iṣẹ́ dáwọ́ dúró, ṣé ìwé àádọ́ta ọdún náà dáwọ́ dúró pẹ̀lú? Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ̀ka yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ọmọ-ọmọ kí ilẹ̀ yẹn tó padà.

Omi ló kù. Èyí ni wọn kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ. Bí wọ́n bá sè ẹtanọ́ọ̀lù lítà kan, omi èérí tó dúdú, tó kan, tó sì gbóná, tó máa ń kù nídìí ìkòkò máa ń tó lítà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ mú méjìlá. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe 30,000 lítà yóò da 360,000 lítà omi èérí lójúmọ́. Táńkà omi ẹlẹ́gbàárùn-ún lítà tí ẹ ń rí kiri Ibafo, ẹ to mẹ́rìndínlógójì rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, lójoojúmọ́! Bí irú omi bẹ́ẹ̀ bá wọ odò, yóò gba atẹ́gùn inú omi tán, ẹja yóò sì máa léfòó ní òkú. Bùràsíìlì tó bẹ̀rẹ̀ ètò ẹtanọ́ọ̀lù ńlá rẹ̀ ní 1975 rí i títí tí ìjọba wọn fi ṣòfin ní 1978 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dà á sódò mọ́. Wọ́n wá ń fọ́n ọn sí oko ìrèké wọn. Tiwa ńkọ́? Odò Ògùn ló gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Láti Akútè nínú Ifọ̀ ni wọ́n ti ń fa omi rẹ̀ fún àwọn ará Èkó. Èkó á pariwo bí omi wọn bá bàjẹ́, wọ́n ní ìwé ìròyìn, wọ́n ní rédíò. Abúlé tó ń pọn kànga ní Ọbáfẹ́mi, ta ni yóò gbọ́ igbe rẹ̀? Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò wa ní Ewékorò, tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti wà lọ́dọ̀ wọn láti 1960, ohun tí eruku ń ṣe sí òrùlé. Wọn yóò ṣàlàyé fún yín ju èmi lọ.

Ní ti iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn ọmọ wa yóò rí, díẹ̀ yóò rí i: ṣọ́jà géètì, alákòóso ìwọ̀n, àwọn tí ń já ẹrù. Ẹ̀rọ ló ń sè ọtí. Ẹ wá ka àwọn obìnrin tí ń bó ẹ̀gẹ́, tí ń rin ín, tí ń yan án, tí ń gbé e lọ sọ́jà, kí ẹ tó sọ pé ilé-iṣẹ́ ló mú iṣẹ́ wá.

Mo mọ̀ pé wọn yóò pè wá ní ọ̀tá ìlọsíwájú. Kí wọ́n máa pè é. Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń sọ kò lójú pọ̀. Ilé-iṣẹ́ lè wá, kí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ àgbẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ máa ra ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé àdéhùn tó ní iye tí owó kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ jù, kí wọ́n sì gbẹ́ kòtò omi èérí kí wọ́n tó sè lítà àkọ́kọ́. Bí ẹ bá dìbò fún wa, èyí ni àwọn aṣojú wa yóò gbé wọ Ilé Aṣòfin ní Abẹ́òkúta.

Òfin kan wà láti 1992 tó ní kí wọ́n yẹ ohun tí irú ilé-iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ yóò ṣe sí àdúgbò wò kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Wọ́n ń gbé ìwé àyẹ̀wò náà síta fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí ará ìlú lè rí i kí wọ́n sì sọ tiwọn. Òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ọ́fíìsì ni wọ́n sì ń gbé e sí. Nítorí náà, nígbà tí olùdíje wọn bá dé abúlé yín pẹ̀lú ìrẹsì àti àǹkárá, ẹ gba ìrẹsì náà, owó yín ni wọ́n fi rà á. Kí ẹ wá bi í pé: níbo ni ìwé àyẹ̀wò yẹn wà, ta ni yóò sì kà á sí wa létí ní Yorùbá? Éékà mélòó ni ẹ fẹ́, ti ta ni, fún ọdún mélòó? Omi èérí ńkọ́, ibo ni yóò gbà? Ẹ jẹ́ kí ó dáhùn lójú Baálẹ̀ àti lójú àwọn ìyá ọlọ́jà, kí akọ̀wé ìlú sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ rẹ̀ tó gbéra.